Wọ́n ní kí àbúrò mi búra pé irọ́ lòun pa mọ́ ọkọ òun: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìpẹru kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Ajé tó dé, torí ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní ká padà wá sí tésàn.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ṣàgámù. Ọkọ yìí lù ú, ó sì gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri débi pé wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà ní ọsibítù. Àbúrò mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí tésàn, ó kọ sítétímẹ́ǹtì, wọ́n sì lọ mú ọkọ. Wọ́n ti gba béèlì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ò ti dá nílé wa. Ìyá ọkọ wá, ó kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ régbérégbé ọkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wá, òun ò kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní bí àbúrò mi bá fẹ́ rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, kó yáa lọ gbé ẹjọ́ kúrò.

Wọ́n ti tẹ ìwé kan wá. Àfidáfítì ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àbúrò mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, pé ìbínú nítorí obìnrin mìíràn ló mú un purọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ búra sí i ní kóòtù. Àbúrò mi bi IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí ẹjọ́ náà, léèrè, ìyẹn ní tó bá lè búra sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni àwọn máa gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ọmọ náà ò lè sùn mọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n ju bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n, kò sì fẹ́ padà sínú ilé náà. Ṣé òótọ́ ni wọ́n lè ti ẹni tí wọ́n lù mọ́lé nítorí pé ó ní òun ò ṣe mọ́?

Bàbá Òkè-Ṣọpẹ́n kọ:

Ọmọ mi, ẹ kú ìnira. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà ilé méjèèjì jókòó. Kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, kó san owó ọsibítù, kó ṣèlérí níwájú ẹbí, kí ọmọ yín sì buwọ́ lùwé náà kí ilé lè tòrò.

Ìyá Ìbejì Mákun kọ:

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo kúnlẹ̀ fún yín kí n tó sọ̀rọ̀. Kí àwọn àgbà jókòó, ó dáa. Kí ọkọ tọrọ àforíjì, ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ní kó buwọ́ lù yẹn kì í ṣe ìwé àlàáfíà. Ẹ tún un kà. Gbogbo ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n dì sínú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé ka obìnrin náà lórí. Ọkọ tó lù ú kò jẹ̀bi nínú ìwé yẹn, ògiri kò jẹ̀bi, balùwẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí ó bá tún lù ú, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Mo máa ń lọ sí kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Ṣàgámù, mo sì ti rí irú ìwé yìí rí. Ọmọ Ìpẹru, ẹ sọ fún àbúrò yín lónìí: kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kò sì gbọdọ̀ búra sí i.

Gbólóhùn méjì ni àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀. Èkíní: “Mi ò fẹ́ kí ẹjọ́ yìí máa lọ mọ́.” Èkejì: “Irọ́ ni mo pa, kò lù mí.” Ẹni tó sọ èkíní kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ó sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Ẹni tó sọ èkejì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé irọ́ lọ bá ọlọ́pàá. Bí ohun tó kọ́kọ́ sọ ní tésàn bá sì jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé èyí tó ń búra sí nísinsìnyí ni irọ́. Kò sí bí ó ṣe lè gbà á tí kò ní kó sínú wàhálà.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa ní abala 118 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 lé ìbúra èké nínú ìgbẹ́jọ́. Òpin rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó bá ṣe é ni wọ́n máa ń fún ní ọdún 14. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì di ìgbẹ́jọ́, irọ́ tí èèyàn fi ìbúra sọ níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù ní ìjìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rù àfidáfítì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àwọn tó tẹ ìwé náà wá kò ní fi orúkọ tiwọn sí i, orúkọ àbúrò yín nìkan ló wà níbẹ̀.

Òfin kan tún wà tó ta ko ìwà ipá sí èèyàn, èyí tí a ń pè ní VAPP. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é ní 2015, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2017. Nínú ti àpapọ̀, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n fún ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin yẹn lè gba oṣù 12 tàbí ₦200,000. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí ìwádìí lọ́wọ́ lè gba ọdún 3 tàbí ₦500,000. Ẹ wò ó dáadáa: ti ẹni tó ń dí ìwádìí lọ́wọ́ ló pọ̀ jù. Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń fi owó ilé ìwé halẹ̀ mọ́ ọmọlọ́mọ ka ibẹ̀ yẹn kó tó tún padà wá sílé yín. Kí lọ́yà yín sì wo ìwé òfin ti Ògùn fúnra rẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun lórúkọ àbúrò yín.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì Ọdẹ Rẹ́mọ kọ:

Mo ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí káńtà.

IPO yẹn kò parọ́ fún àbúrò yín, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Obìnrin tó bá dé tésàn tó sọ pé “mo ti dárí jì í” kò dẹ́ṣẹ̀. Ojoojúmọ́ la máa ń gbọ́ ọ. Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọlọ́pàá mìíràn kò ní fẹ́ ti fáìlì láìsí ìdí tó ṣeé kọ sílẹ̀, á wá sọ fún un pé, “Kọ ọ́ pé kò ṣẹlẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi ti fáìlì.” Kó má kọ ọ́. Tí IPO bá nílò ìdí, kó kọ ìdí tòótọ́ sílẹ̀: pé olùfisùn ní òun kò fẹ́ máa bá a lọ.

Bí wọ́n bá ní kó kọ sítétímẹ́ǹtì mìíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí lọ́yà wà níbẹ̀. Kó fi Yorùbá kọ ọ́ bí Yorùbá bá ló rọrùn fún un, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n kọ, kó kà á tán kó tó buwọ́ lù ú. Kó má fi òǹtẹ̀ àtàǹpàkò tẹ ìwé tí ẹlòmíràn kọ láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí i létí níwájú ẹni tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Lónìí, olùfisùn ni àbúrò yín. Bí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí wọ́n ń bi í pé, “Èwo wá ni irọ́ nínú méjèèjì?”, ó ti ń di afurasí nìyẹn, kó tó mọ̀ pàápàá. Níbẹ̀ ni kó ti dákẹ́. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 35, ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì tì í mọ́lé, abala kan náà ló ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Kóòtù wà ní Ṣàgámù gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sí ọ̀nà.

Béèlì kò sì ní owó nínú o.

Ọmọ Ìpẹru kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá Fẹ̀yìntì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Àbúrò mi ní ọlọ́pàá kan (kì í ṣe IPO) ti ń bi í pé, “Ṣé o dá a lójú pé kì í ṣe balùwẹ̀?” Àwọn ẹbí ọkọ ní wọ́n máa kó owó díẹ̀ sílẹ̀ fún un tó bá ti buwọ́ lùwé. Ṣé kó gba ti owó ọsibítù nínú rẹ̀? Òun ló yá owó yẹn san.

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Kó má gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí. Ọgbẹ́ tó ti jẹ́ pé wọ́n rán an, kì í ṣe ìjà kékeré mọ́ lójú òfin. Lílu èèyàn débi ìpalára wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Abala 127 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ní ẹni tó bá gba owó tàbí àǹfààní kankan lórí àdéhùn pé òun yóò fi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́, tàbí pé òun ò ní jẹ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ lọ, ti ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ọsibítù jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, n kò sọ pé kó gbàgbé rẹ̀. Kí lọ́yà béèrè rẹ̀ lójúkojú, nínú lẹ́tà, láìso ó mọ́ bíbuwọ́ lu nǹkan kan. Kóòtù náà lè pàṣẹ pé kí ọkọ san owó gbà-má-bínú fún un.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kọ:

Ẹ má bínú sí mi o, mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń lu ìyàwó. Àmọ́ àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n purọ́ lóòótọ́. Tí obìnrin bá ti bínú sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tó wá ronú, kí ni kó ṣe? Ṣé kó dákẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ jẹ̀wọ̀n ni?

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí òun sọ kò ṣẹlẹ̀, kó wá lọ́yà lójú ẹsẹ̀, kó sì jẹ́ kí lọ́yà gbé àtúnṣe náà lọ bá ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ìjọba kí wọ́n tó pè é sórí àga ẹlẹ́rìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ti ṣẹ̀ kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ púpọ̀ sí kí ó dé kóòtù kó tún búra lé e. Ọ̀rọ̀ ti àbúrò Ọmọ Ìpẹru kì í ṣe irú èyí. Wọ́n rán orí ọmọ yìí.

Ọmọ Alárè ní Cardiff kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Wales ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbí, gbogbo ìlú ló sì gbọ́ ọ.

Ní 2010, kóòtù kan ní Wales rán obìnrin kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 8. Ó ti kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá pé ọkọ òun fi ipá bá òun lò pọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n dá ẹjọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó ní irọ́ lòun pa. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pè é lẹ́jọ́ pé ó purọ́ mọ́ ọkọ ló wá sọ pé òótọ́ ni ẹ̀sùn òun láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n ń ni òun lára láti fà á sẹ́yìn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n yí ẹ̀sùn padà, wọ́n ní ó fi irọ́ fa ẹ̀sùn òótọ́ sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ òótọ́ náà ni wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n.

Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u sílẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ní àánú ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Keir Starmer ló jẹ́ olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba níbí nígbà náà, ó sì pàṣẹ lẹ́yìn ìyẹn pé wọn ò gbọ́dọ̀ pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ mọ́ àyàfi tí òun fúnra òun bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà lọ sí kóòtù ní 2012 kí wọ́n pa ìdálẹ́bi náà rẹ́, wọn ò pa á rẹ́. Ó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “irọ́ ni mo pa” yẹn ló ṣe é. Ká ní ó dúró lórí “ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè bá a lọ mọ́” ni, kò bá má dé ibẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, Kóòtù Gíga Jùlọ wọn dájọ́ ní 2006 pé wọ́n lè lo ohun tí obìnrin sọ lórí fóònù nígbà tó ń pe 911 fún ìrànlọ́wọ́, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ wá jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ kì í dúró de obìnrin mọ́: fóònù, fọ́tò, ẹnu dókítà àti ti aládùúgbò ni wọ́n fi ń ro ẹjọ́. Èyí gba obìnrin lọ́wọ́ ẹbí ọkọ díẹ̀, torí bí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún un di ọ̀la, kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fún wọn.

Aláṣọ Òkè-Àjẹ́ kọ:

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níyẹn. Mo mọ̀ ọ́n torí wọ́n ṣe é fún mi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má jẹ́ ká fi òfin nìkan dá obìnrin náà lóhùn. Ìdí tí obìnrin fi ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn kì í ṣe pé kò mọ òótọ́. Ilé ni. Orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé ilé tí wọ́n ń háyà. Owó ọjà rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń béèrè bàbá wọn ní alaalẹ́. Ìyá rẹ gan-an á sọ pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́, pé òun náà fara dà á. Pásítọ̀ á gbàdúrà sí ọ lórí, á ní kí o dárí jì í. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó máa bi ọ́ pé níbo lo máa sùn lálẹ́ òní. Tí wọ́n bá wá gbé ìwé sí ọ níwájú ní wákàtí tó ti rẹ̀ ọ́ jù, wàá buwọ́ lù ú kí wọ́n lè jẹ́ kí o sinmi.

Nítorí náà ohun tí mo fi ń gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nímọ̀ràn ni pé kó kọ́kọ́ yanjú ilé. Kí àbúrò yín àti àwọn ọmọ wà ní ọ̀dọ̀ yín ní Ìpẹru tàbí ibòmíràn tí ọkọ kò mọ̀. Ẹ wá owó ilé ìwé tẹ́ẹ̀mù yìí láàárín ara yín. Ẹ gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ kí wọ́n má máa pè é ní òru. Ìgbà tí ìyẹn bá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ ló máa tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Èmi ò buwọ́ lu nǹkan kan torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fi mí sílẹ̀ rárá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n pè mí sí kóòtù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún adájọ́ pé kó ṣàánú bàbá àwọn ọmọ mi. Méjèèjì ni mo sọ. Kò sẹ́ni tó fi mí sẹ́wọ̀n.

Ìyá Ìbejì Mákun kọ:

Aláṣọ, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín àti àwọn ọmọ.

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi: wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìyàwó kò lè jẹ́rìí ta ko ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọmọ yìí, ṣé kò lè kọ̀ kó má lọ? Tàbí kó lọ, kó ní òun ò rántí mọ́?

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Màmá, àtijọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 182, sọ pé níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀sùn kan ọkọ pé ó hu ìwà ipá sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó lè jẹ́rìí, wọ́n sì lè fi agbára òfin pè é láti jẹ́rìí, bóyá ọkọ fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ti ìbílẹ̀ àti nìkáà, gbogbo rẹ̀ ni òfin kà mọ́ ọn.

Bí ìwé ìpè kóòtù bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tí kò sì lọ, adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá. Ó bani nínú jẹ́ láti rí obìnrin tí wọ́n lù kí ọlọ́pàá máa tì í wọlé bí ẹni tó jalè. Ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kí lọ́yà rẹ̀ bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ti “mi ò rántí” ńkọ́? Agbẹjọ́rò ìjọba lè bẹ adájọ́ pé kó ka ẹlẹ́rìí òun sí ẹni tó ti kọ̀yìn sí òun. Bí adájọ́ bá gbà, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè líle-líle, á gbé sítétímẹ́ǹtì tésàn síwájú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ kóòtù bá ta ko ti tésàn, àwọn adájọ́ wa kì í sábà gbára lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹjọ́ lè wó lulẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí ẹbí ọkọ kì í sọ ni ohun tó ń tẹ̀ lé e. Bí ẹjọ́ bá wó, ọkọ lè pe ìyàwó lẹ́jọ́ pé ó fi ìkà gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Kó tó lè borí, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyàwó ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, pé ẹjọ́ parí sí ojúure òun, pé kò sí ìdí kankan tó mọ́gbọ́n dání tí ìyàwó fi gbé e dìde, àti pé inú burúkú ló fi ṣe é. Lójoojúmọ́, ìdí àti inú burúkú yẹn ló máa ń ṣòro fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀ láti fi hàn. Àfidáfítì balùwẹ̀ yẹn ló máa fi hàn án fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbínú lòun fi purọ́! N kò rò pé ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ sì tún yéé sọ pé àbúrò yín fẹ́ “gbé ẹjọ́ kúrò”. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá tàbí Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń pe ọkọ lẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí ni àbúrò yín. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ ni abala 211 ìwé òfin 1999 fún lágbára láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Kí ẹ sọ èyí fún ìyá ọkọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bóyá ó máa mú kí ìkúnlẹ̀ dín kù.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù kọ:

Mo fẹ́ fi èyí kún un. Ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀ títí. Bí obìnrin bá sọ fún dókítà pé ọkọ òun ló lu òun, dókítà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á kọ bí ọgbẹ́ náà ṣe gùn tó àti ibi tó wà. Ẹni tó ṣubú ní balùwẹ̀ àti ẹni tí wọ́n gbá lórí mọ́ ògiri, tí àmì bẹ́líìtì tàbí ìka ọwọ́ tún wà lápá rẹ̀, wọn kì í jọra lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pe dókítà náà sí kóòtù, àfidáfítì yẹn á tú. Orí ta ni yóò wá fọ́?

Kí ẹ lọ sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ọsibítù náà pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì rẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé àbájáde àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà béèrè, ẹ jẹ́ kí lọ́yà sọ fún IPO. Ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́ nísinsìnyí tó ṣì ń san, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kó má wà lórí fóònù kan ṣoṣo. Kó padà wá yọ òwú lásìkò o. Bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí ó ń bì, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún un.

Bàbá Òkè-Ṣọpẹ́n kọ:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé yẹn wúwo tó. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n lọ́yà, ṣé kò sí bí àwọn àgbà ṣe lè dá sí i tí ọmọ náà kò ní kó sí wàhálà?

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Ó wà, Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Kí àwọn àgbà pàdé lórí ohun tó jẹ́ ti ilé: ibi tí àwọn ọmọ máa gbé, ẹni tó máa san owó ilé ìwé, bóyá wọ́n máa kọ ara wọn sílẹ̀ àbí wọn ò ní kọ̀. Ti ẹ̀sùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún kóòtù. Kí ẹnikẹ́ni má sì so owó ilé ìwé mọ́ ẹnu obìnrin náà. Bí ọkọ bá ti kábàámọ̀ lóòótọ́, kí lọ́yà tirẹ̀ gbé e lọ síwájú agbẹjọ́rò ìjọba.

Fún ààbò rẹ̀, òfin VAPP gbà kó béèrè àṣẹ ààbò ní Kóòtù Gíga, kí ọkọ má lè sún mọ́ ọn tàbí ibi tó ń gbé. Ó lè béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá béèrè fún un, bí òun bá ti fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kò di ìgbà tí kóòtù bá kọ́kọ́ dá ọkọ lẹ́bi kó tó lè rí àṣẹ náà gbà.

Ọmọ Ìpẹru kọ:

Ẹ ti gbà wá là. A ò lówó lọ́yà o. Níbo la ti lè rí ẹni tó máa bá wa lọ lọ́jọ́ Ajé? Kí la sì máa kọ, bí kò bá jẹ́ ìwé tiwọn?

Agbẹjọ́rò Ìmọ̀wò kọ:

Legal Aid Council máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ, ọ́fíìsì wọn wà ní Abẹ́òkúta. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, máa ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò NBA ní ẹ̀ka ní Ṣàgámù àti ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ lọ sí sẹkitéríàtì wọn lọ́la, ẹ ní ẹ̀yin fẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé olùfisùn lọ sí tésàn. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí wọ́n tó wọ kóòtù.

Ti ìwé, irú èyí ni kó kọ, kí lọ́yà wò ó kó tó mú un lọ. Kò nílò ìbúra:

“Èmi ni mo kọ sítétímẹ́ǹtì tó wà lọ́dọ̀ yín nípa ọkọ mi. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ níbẹ̀, n kò sì yí ọ̀kankan padà nínú rẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ mi, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba wo bóyá a lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìrán an lọ sẹ́wọ̀n. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba ni ìpinnu wà. Ẹbí ọkọ mi mú àfidáfítì kan wá fún mi láti búra sí, n kò búra sí i nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí.”

Kó kọ ìlà ẹ̀bẹ̀ yẹn tó bá jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn nìkan. Bí kò bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un, kó yọ ọ́. Kó ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tésàn àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀, kó sì mú un lọ sílé. Àfidáfítì balùwẹ̀ náà, ẹ má ya á dànù o. Ẹ fi pa mọ́ fún lọ́yà.